Ká Ya Fọ́tò Kókó Kí Ọ̀bẹ Tó Kàn Án

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Ní ọdọọdún, iṣẹ́ akọ̀wé ni láti ka ìròyìn: iye tí a dá jọ, iye tí a yá jáde, iye tí kò tíì wọlé. Mo ti ka ìyẹn láàárọ̀, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá ní kí n tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ṣe àwa ọlọ́jà láǹfààní, mo rò ó títí, mo ní ọ̀rọ̀ itan mi ni n ó sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Itan ni mo wí o, n ò wí ìtàn. Àmọ́ ẹ ó gbọ́ méjèèjì.

Ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ rí i. Mò ń wẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan, ni ọwọ́ mi bá kan kókó kan ní itan mi ọ̀tún. Kò dùn mí, kò gbóná, kò pupa. Bí mo bá jókòó tí mo dẹ itan, ó máa ń rọ̀. Bí mo bá dìde tí itan le, ó máa ń yọ síta, á sì le pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní àpò èlùbọ́ tí mò ń gbé kiri ló fà á. Mo fi òróró pa á, mo lọ sùn.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìró. Ọkọ mi kò mọ̀, àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́ fún mi, kò tíì sí. Àwa tí a máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi í sápò, a kì í fẹ́ ka ohun tó wà lára wa.

Nígbà tí yóò fi di 2022, ó ti tó máńgòrò. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń tọ́jú aláìsàn ní àdúgbò, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀rá lásán ni, màmá. Ẹ wá ní Sátidé, màá là á fún yín láàárín ogún ìṣẹ́jú." Owó tó dá lé e kò pọ̀ rárá. Inú mi dùn. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bá Màmá Akápò wa kí wọ́n bá mi fi díẹ̀ kún owó ọwọ́ mi.

Màmá Akápò kò ka owó kankan. Wọ́n kàn bi mí pé, "Akọ̀wé, ta ló fojú rí ohun tó wà níbẹ̀?"

Mo ní ọkùnrin náà ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní, "Ojú ni mo wí, n ò wí ọwọ́. Ṣé o máa ń ra àpò èlùbọ́ láìtú ẹnu rẹ̀ wò?"

Mo ní rárá, mà.

Wọ́n ní, "Itan rẹ wá kéré sí àpò èlùbọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Sátidé kọjá, ọ̀bẹ kò kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ fún yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán ní ọsibítù ló là á yé mi, ó sì bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí n tó gbé e wá síwájú yín.

Ẹ ronú sí ìso ẹlẹ́ran. Ẹran pupa tí alápatà ń gé fún wa, òun náà ló wà ní itan, apá àti èjìká wa. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní iṣan, òun ló ń gbé wa rìn, òun ló ń gbé ẹrù. Ọ̀rá funfun máa ń wà lábẹ́ awọ, lórí ẹran pupa yẹn. Kókó ọlọ́ràá tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, abẹ́ awọ ló máa ń wà: bí a bá fìka tì í, á yẹ̀ lọ yẹ̀ bọ̀. Lipoma ni orúkọ rẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, inú ẹran pupa gan-an ni ọ̀rá náà ti ń hù. Irú tèmi nìyẹn. Ìyẹn ló fi máa ń le tí itan bá le, nítorí ẹran ló yí i ká.

Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń hù síbẹ̀. Ìdìpọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ wà tó ń para pọ̀ di kókó. Òmíràn wà tí inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ewédú, tí wọ́n ń pè ní myxoma, tó wọ́pọ̀ ní itan, tó sì máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, láti ogójì ọdún lọ sókè. Òmíràn le bí okùn, kì í rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara, àmọ́ ó máa ń rọ̀ mọ́ ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: jẹjẹrẹ kan wà tí òun náà jẹ́ ọlọ́ràá, tí òun náà ń jókòó sínú ẹran itan, tí kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ bí àwọn yòókù, àmọ́ ó wà. Bí a bá fọwọ́ tẹ èyí, tí a tẹ tọ̀hún, bákan náà ni wọ́n ṣe ń rí lọ́wọ́. Ọwọ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tí dókítà fi ń wo inú ẹran ni àwòrán.

Àwòrán àkọ́kọ́ ni X-ray. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1895, ó sì ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tí egungun àti òrùka hàn kedere. Egungun ni X-ray mọ̀ jù. Nínú ẹran, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, àmọ́ kì í ṣe aláìwúlò. Ọ̀rá máa ń dúdú díẹ̀ ju ẹran lọ lórí rẹ̀. Bí kókó náà bá jẹ́ ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè fi àwọn òkúta róbótó wẹ́wẹ́ hàn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a ti fara pa tẹ́lẹ̀ ló ń di egungun, X-ray lè rí ìyẹn náà.

Èkejì ni síkáànì tí a fi ń wo aboyún. Gbogbo ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ìró ló ń lò, ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Ẹ ẹ̀ rí i bí àwọn elépo ṣe ń fìka kan kẹ́ẹ̀gì láti mọ ibi tí epo dé? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀rọ náà á rán ìró wọlé, ìró á kan ohun tó wà nínú, á padà, ẹ̀rọ á sì fi èyí tó padà ya àwòrán. Ó ń sọ bóyá omi ló wà nínú kókó tàbí nǹkan líle, bí ó ṣe tóbi tó, bóyá abẹ́ awọ ló wà tàbí inú ẹran, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Kò ní ìtànṣán kankan tó lè pa ara lára. Fún kókó kékeré abẹ́ awọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun nìkan tó. Owó rẹ̀ nígbà tèmi kò tó ìdajì kẹ́ẹ̀gì epo.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi. Obìnrin tó ṣe é pẹ̀lẹ́ púpọ̀. Ó ní kókó náà wà nínú ẹran itan, ó ń jọ ọ̀rá, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ó ní, "Mà, mi ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó jìn. Ẹ ó nílò MRI." Mo bi í pé èló ni MRI. Nígbà tó sọ ọ́, ẹsẹ̀ tí kò dùn mí láti ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí.

Owó àpò ìrẹsì méjì ni. N ò ní in. Ọjà ti jẹ owó mi tán. Ni mo bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ọjọ́ náà, ẹ ẹ̀ ní gbàgbé. Òfin wa sọ pé owó ọjà nìkan ni a ń yá jáde. Arábìnrin wa kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé owó fọ́tò la fẹ́ yá ènìyàn báyìí? Bí a bá yá Akọ̀wé lónìí, ẹlòmíràn á fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí lọ́la." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, n kò sì fẹ́ kí omijé mi kán sórí ìwé ẹgbẹ́. Ẹ lọ wo ìwé náà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ pé: "Akọ̀wé ní kókó ní itan, ó tọrọ ẹ̀yáwó." Ohun tí mo fi ìró bò fún ọdún mẹ́ta, mo fi bírò kọ ọ́ síta lójú ogójì ènìyàn.

Arábìnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí o. Òfin ló dì mú, òfin sì dára. Ẹ̀yin náà lẹ jókòó títí ìrọ̀lẹ́, tí ẹ wá ní kí a yá mi, kí n san án láàárín oṣù mẹ́wàá. Mo san án ní oṣù mẹ́jọ. Ẹ ṣé o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí àánú tì.

MRI kò sí ní gbogbo ìlú wa. Àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Èkó la ti máa ń rí i. Òòfà ńlá ni, kì í lo ìtànṣán bíi ti X-ray. Ọdún 2003 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Paul Lauterbur ti Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ti Ìlú Ọba lọ́lá nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Kí n tó wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, aago, pínnì orí àti ohunkóhun tó bá ní irin. Fóònù àti káàdì báǹkì kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti fi irin sínú ara mi rí, tàbí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ẹ má purọ́ níbẹ̀ o, nítorí òòfà náà kò mọ ìyálọ́jà. Ẹni tó bá ní ońdè onírin lára, kó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀ sínú ihò kan bí ẹni wọ páìpù. Ó ń pariwo bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ mẹ́ta bá ń lu irin. Kò dunni. Kéèyàn má mira ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ó gbà tó ogójì ìṣẹ́jú.

Ọgbọ́n MRI rè é. Omi àti ọ̀rá inú ara ni òòfà náà ń bá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì dọ́gba. Nínú irú àwòrán kan, ọ̀rá máa ń funfun báláú, ẹran á dúdú díẹ̀. Wọ́n á wá tún un yà lọ́nà mìíràn tí wọ́n á fi pa ohùn ọ̀rá mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí a pa iná yàrá kan nínú ilé. Ọ̀rá abẹ́ awọ á ṣókùnkùn. Bí kókó náà bá ṣókùnkùn pẹ̀lú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀rá ni. Bí ibì kan nínú rẹ̀ bá ṣì ń tàn, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Wọ́n tún ń wo bóyá ògiri tó nípọn wà nínú rẹ̀, èyí tó ju mìlímítà méjì lọ, tàbí ìṣù kan tí kì í ṣe ọ̀rá, àti bóyá gbogbo rẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Ìwọ̀nyí ló máa ń jẹ́ kí wọ́n fura sí jẹjẹrẹ. Kókó tó ń yọ̀ bí ewédú, ní tirẹ̀, máa ń tàn bí omi.

Tèmi ṣókùnkùn látòkè délẹ̀. Fọ́nrán ẹran pupa gba àárín rẹ̀ kọjá bí ó ṣe máa ń rí nínú ẹran màlúù tó sanra, dókítà sì ní àmì rere ni ìyẹn. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rá ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ." Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé kì í tán lára akọ̀wé.

Ẹ ó wá ní, "Ṣé ohun tí ọkùnrin àdúgbò sọ lọ́fẹ̀ẹ́ náà kọ́ nìyẹn, tí o fi ná owó ìrẹsì méjì?" Ìbéèrè gidi ni. Ó sọ pé ọ̀rá ni, òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sì mọ̀ pé inú ẹran ló wà. Ogún ìṣẹ́jú tó dá lé e kò lè tó. Obìnrin kan wà ní ọjà kejì, tí òun náà ní irú rẹ̀ ní èjìká. Wọ́n là á fún un láìya àwòrán kankan. Ọ̀bẹ kò mọ ibi tí ọ̀rá náà parí sí, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹran. Kò pé ọdún méjì, ó padà wá. Nígbà tó wá délé ìwòsàn ńlá, àpá iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti da àwòrán rú, iṣẹ́ abẹ kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tirẹ̀ náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, oṣù mẹ́rin ni kò fi lè gbé apá dé orí. Ta ló ń tajà fún un ní oṣù mẹ́rin yẹn?

Ní tèmi, dókítà ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì: ká yọ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, tàbí ká fi í sílẹ̀ ká máa ṣọ́ ọ níwọ̀n bí kò ti ní mí lára. Mo yan ṣíṣọ́. Mo tún ya àwòrán ní 2023, mo tún yà á ní 2024, kò sún síwájú. Ó wà ní itan mi níbi tí mo dúró sí yìí, a ti mọ ara wa. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́, nítorí àwòrán ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má ṣe rò pé àwòrán mọ gbogbo nǹkan tán o. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn gbogbo fọ́tò, dókítà á ní kí a fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ gbà. Ṣùgbọ́n kí àwòrán ṣáájú abẹ́rẹ́, kí abẹ́rẹ́ ṣáájú ọ̀bẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé rè é.

Èkíní, kókó tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ìyẹn ínṣì méjì lórí tépù aránṣọ, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá ń dàgbà, èyí tó bá jìn nínú ẹran, èyí tó bá ń dunni, àti èyí tí wọ́n ti yọ rí tó tún padà wá. Ọ̀kan péré nínú márààrún ti tó láti lọ. Ẹ má dúró de ìrora.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ra á, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á kí ojú tó rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo fọ́tò àti èsì rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Dókítà tó bá rí ti èṣí ló lè mọ̀ bóyá ti ọdún yìí yàtọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ fún ẹnì kan. Ọkọ mi ní ohun tó dùn òun jù kì í ṣe kókó, ọdún mẹ́ta tí n kò fi sọ fún òun ni.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó jókòó. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbé àbá kan wá: kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù fún ẹ̀yáwó àyẹ̀wò ara, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mú ìwé dókítà wá rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí Akápò àti ẹnì kan péré sì mọ ohun tó wà fún. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé dandan ni kí gbogbo wa wà nínú ètò ìlera. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n bí ẹgbẹ́ pé irú àwòrán wo ni ètò wọn ń san owó rẹ̀, ká tó forúkọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan wà nínú wa tí ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ibì kan lára rẹ̀. N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹni yẹn dìde láàárín ogójì ènìyàn bí mo ṣe dìde. Kó lọ bá Màmá Akápò ní ìkọ̀kọ̀. Wọn kò ní ka owó kankan. Ìbéèrè ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.  Ọjà á tà, ara á le, a ó tún pàdé ní ọdún tó ń bọ̀ lágbára Ọlọ́run.